ÌRÁNTÍ ÀWỌN BÀBÁ WA TÍ WỌ́N TI SÙN

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé àwọn ọkùnrin àti fún gbogbo ìjọ

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42, II Sámúẹ́lì 9, II Àwọn Ọba 4:1–7, Hébérù 13:7.

Kókó ẹ̀kọ́: Ẹni tí a bá fẹ́ rántí ní tòótọ́, a ó sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, a ó sì ṣe ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀.



Láàárín ọdún kan àbọ̀, bàbá mẹ́ta ni a sin nínú ìjọ wa. A kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kan inú ilé wọn. A wọ aṣọ funfun, a tan àbẹ́là, a kọrin, a sọ̀rọ̀ ìyìn, a jẹun, a túká. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa alàgbà jókòó lẹ́yìn ìsìnkú ẹ̀kẹta, ọkàn wa kò balẹ̀. A rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí a sọ nípa wọn kì í ṣe òtítọ́, èyí tí ó sì jẹ́ òtítọ́, a kò mọ̀ ọ́n tó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ìbáwí ni òwe yìí jẹ́ fún wa. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

1. IBI TÍ WỌ́N TI WÁ

Ọmọ tí a bí sí Lomé lè rò pé ibí yìí ni gbogbo wa ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1897 ni àwọn ará Jámánì sọ Lomé di olú-ìlú Tógò. Àwọn oníṣòwò wa wá síbẹ̀, wọ́n sì jókòó. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níhìn-ín, ìdí sì nìyí tí àdúgbò kan fi ń jẹ́ Anagokomé títí di òní.

Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn bàbá mẹ́ta yìí kò bá ọ̀nà yẹn wá. Gánà ni wọ́n ti wá. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Gánà láàárín ọjọ́ 14. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ pọ̀ lọ súà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìgbẹ́tì, ará Ṣakí, ará Ìlọrin, àti ará ìlú mìíràn. Ẹlòmíràn ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè tí ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n di ẹrù. Ọ̀pọ̀ ló gba ibodè Aflao kọjá, Aflao kò sì jìnnà sí wa, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Ọ̀pọ̀ kọjá lọ sí Nàìjíríà. Àwọn mìíràn sọ ẹrù kalẹ̀ ní Lomé, wọ́n ní kí àwọn sinmi díẹ̀. Ìsinmi díẹ̀ náà di ọdún 50 ó lé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ẹ rí tó di àgbàlagbà onírungbọ̀n funfun yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 25 ni nígbà tí ó rìn kọjá ibodè pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ bi í léèrè kí ó tó lọ.

2. BÀBÁ GBẸ́NÀGBẸ́NÀ: IṢẸ́ ỌWỌ́ Ń SỌ̀RỌ̀

Ọ̀kan nínú wọn, káfíńtà ni. Àpótí irinṣẹ́ nìkan ni ó gbé jáde ní Gánà. Nígbà tí a sin ín, ẹni mẹ́fà ló dìde sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, wọ́n ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. (Ẹ jọ̀ọ́, ó bá ènìyàn jà dáadáa. Bí o bá pẹ́ dé ìsìn, o ó gbọ́ ohùn rẹ̀.) Kò sí ẹnì kan tí ó sọ pé òun ni ó kan gbogbo bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé lórí lọ́jọ́ náà, tí kò sì gba kọ́bọ̀. Àwa tí a mọ̀ ọ́n gbàgbé. Àwọn ọ̀dọ́ kò gbọ́ ọ rí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ ń jíròrò pé kí a ta bẹ́ǹṣì àtijọ́ náà fún ẹni tí yóò fi dáná, kí a ra àga rọ́bà.

Ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jọ́pà, àwọn opó kò ka orúkọ oyè rẹ̀ fún Pétérù. Ẹ̀wù tí ó rán fún wọn ni wọ́n fi hàn án, wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rí nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ ṣe kò lè purọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré káfíńtà. Jésù Olúwa wa, ilé káfíńtà ni ó ti dàgbà. Bàbá S. B. J. Oshoffa pẹ̀lú, tí a bí ní 1909 ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, iṣẹ́ káfíńtà ni ó kọ́ kí ó tó máa ṣòwò pákó igi dúdú. Òwò igi yìí ló gbé e wọ inú igbó ní oṣù karùn-ún ọdún 1947, oṣù tí oòrùn ṣókùnkùn, tí ó fi sọnù sínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Ìjọ Mímọ́ ti Krístì Láti Ọ̀run Wá bẹ̀rẹ̀. Ní 1950, àwọn apẹja ló gbé ìjọ náà dé Makoko ní Èkó. Kí ló jẹ́ kí a mọ gbogbo èyí? Nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ sọ ọ́, wọ́n sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

A kò ta àwọn bẹ́ǹṣì náà mọ́.

3. BÀBÁ ALÁṢỌ: ÒTÍTỌ́ KÌ Í BA ORÚKỌ JẸ́

Bàbá kejì, aṣọ ni ó ń tà ní ọjà ńlá Assigamé. Òun ni ó kọ́kọ́ lọ nínú àwọn mẹ́ta. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, a sọ fún ogunlọ́gọ̀ pé bàbá yìí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí láyé. Àwa alàgbà la sọ ọ́, gbogbo ènìyàn sì ké Halelúyà.

Ìyá Éwè kan jókòó sẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ajé ó wá bá wa, ó mú ìwé kékeré kan tí etí rẹ̀ ti gbó lọ́wọ́. Ó fi èdè Mina bá wa sọ̀rọ̀, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, n kò fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi òkú, kí ojú má ba à ti àwọn ọmọ. Ó ti san èyí tó pọ̀ jù. Ẹ kàn bá mi rántí èyí tó kù.”

Ara, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí iná jó ọjà ńlá Lomé ní òru ọjọ́ 11 mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2013, gbogbo aṣọ bàbá yìí ló jóná. Ìyá yìí ló yá a ní 1,500,000 CFA láti tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwé adájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí. Inú ìwé kékeré yẹn ni bàbá ń fọwọ́ sí nígbà tí ó bá san díẹ̀: 10,000 nínú oṣù yìí, 5,000 nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, 15,000 nígbà ọdún. Nígbà tí àìsàn mú un, 2,000 ló ń san. Ó sì ń fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ìwé. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí ó fi san án. Ó ku 400,000.

Ojú tì wá. Bí a bá ti mọ̀, tí a sì ka ìwé kékeré yẹn sí etí ìjọ, orúkọ bàbá ìbá tàn ju irọ́ tí a pa fún un lọ. Ènìyàn tí kò jẹ gbèsè rí pọ̀, orí ló bá wọn ṣe é. Ẹni tí ó pàdánù gbogbo nǹkan, tí ó sì san gbèsè láìsí ẹni tó fi ipá mú un, mélòó ni wọ́n?

Bíbélì kò bo irú nǹkan yìí mọ́lẹ̀. Ó pe Dáfídì ní olódodo, ó sì tún dárúkọ ọ̀ràn Ùráyà (I Àwọn Ọba 15:5). Nínú II Àwọn Ọba 4, ọkọ opó náà bẹ̀rù Olúwa, síbẹ̀ ó kú pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn. Èlíṣà kò sọ pé kí opó dákẹ́ kí orúkọ ọkọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ó bi í léèrè ohun tó ní nílé, ó sì ràn án lọ́wọ́ títí tí gbèsè fi tán.

Àwọn ọmọ bàbá àti àwa alàgbà ń san 20,000 lóṣooṣù fún ìyá yẹn báyìí. A ti san ti oṣù 12. Ó ku oṣù mẹ́jọ. Àdúrà ìrántí tí a ń ṣe fún bàbá aláṣọ nìyẹn.

4. BÀBÁ ALÁGOGO: Ẹ̀BI WA

Èyí ló ṣòro jù láti kọ.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí bàbá yìí fi lu agogo fún wa, ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ní 1993, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àti ìró ìbọn lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní Lomé, àwọn kan nínú wa sá lọ sí Gánà, àwọn kan sá lọ sí Kútọnu. Ó ní òun kò lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń sùn nílẹ̀ níwájú pẹpẹ, agogo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àpótí aṣọ ìsìn àti ìwé orúkọ àwọn tí a ti ṣe ìrìbọmi fún lábẹ́ orí rẹ̀. Nígbà tí a padà dé, kò sí ohun kan tó sọnù. Ó ti gbálẹ̀ dè wá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó parí.

Nígbà tí ó kú, wọ́n ní kí a kọ orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, àti ibi tí a ti bí i. A ń wojú ara wa. Ẹnì kan ní ará Ọ̀yọ́ ni. Ẹlòmíràn ní rárá, ará Ìsẹ́yìn ni. A tẹ fóònù káàkiri, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló dúró níbi ibojì rẹ̀. Nínú yàrá rẹ̀ a rí fọ́tò obìnrin kan àti ọmọ méjì. A yí i padà bóyá a ó rí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn ọmọ méjì yẹn lè wà níbì kan tí wọ́n ń retí bàbá wọn. A kò lè ránṣẹ́ sí wọn. Kì í ṣe ikú ló fa èyí. Àwa tí a kí i ní “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́” lójoojúmọ́ tí a kò jókòó tì í rí, àwa la fà á.

5. BÍ A Ó TI ṢE É LÁTI ÌSINSÌNYÍ

Bàbá Mose Orimolade ará Ìkàrẹ́, tí ẹgbẹ́ Séráfù bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní Èkó ní 1925, gbogbo ènìyàn mọ ọjọ́ tí ó kú, ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1933. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bí i, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá Oshoffa sùn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, a sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jókòó sí àyè rẹ̀ di ẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà, tí ó dájọ́ ní 2000. A kò sọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn ẹnì kan náà lè máa bá ara wọn jà lórí ohun tó fẹ́. Nítorí náà, ojú ayé ni kí a ti béèrè.

Ohun tí ìjọ wa ti pinnu nìyí:

(a) Ìwé ìrántí kan yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Gbogbo ẹni tó bá ti lé ní ọdún 60, a ó kọ orúkọ rẹ̀, ti òbí rẹ̀, ìlú rẹ̀, ọdún tó dé Lomé, iṣẹ́ rẹ̀, àti ẹni tí a lè ránṣẹ́ sí.

(b) Àwọn ọ̀dọ́ yóò máa lọ jókòó ti àwọn bàbá àti ìyá, kí wọ́n fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀.

(d) Kí àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú bá ìdílé jókòó ṣáájú. Kí a béèrè gbèsè tó jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ ẹ́. Àṣírí tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, kí a fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́.

(e) Apá kan owó àgọ́, owó pósítà àti owó oúnjẹ yóò lọ sí ọwọ́ opó àti àwọn ọmọ. Dáfídì kò fi ẹkún nìkan rántí Jónátánì. Ó wá Mefibóṣẹ́tì ọmọ rẹ̀ rí, ó dá ilẹ̀ bàbá-bàbá rẹ̀ padà fún un, ó sì mú un jókòó síbi oúnjẹ ọba.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A kò ní kí a máa pe òkú tàbí kí a máa bi í léèrè. Olúwa kọ èyí fún wa (Deutarónómì 18:10–12). Alààyè ni a ní kí ẹ bi léèrè, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì lè dáhùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni àwọn opó Jọ́pà fi hàn Pétérù? Kí ni a lè fi hàn nípa bàbá tó sùn kẹ́yìn láàárín wa?
2. Èwo ló sàn fún ọmọ òkú: irọ́ tó dùn, tàbí òtítọ́ tó ní ọ̀nà àbáyọ?
3. Dárúkọ àgbàlagbà kan nínú ìjọ tí o kò mọ ìlú rẹ̀. Nígbà wo ni ìwọ yóò lọ bẹ̀ ẹ́ wò?

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ tí kò sí orúkọ kan tó pamọ́ fún Ọ, dárí jì wá nítorí àwọn tí a gbàgbé nígbà tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Rántí obìnrin àti ọmọ méjì inú fọ́tò yẹn níbi tí wọ́n bá wà, tù wọ́n nínú. Fún wa ní ẹnu tó ń sọ òtítọ́ àti ọwọ́ tó ń san gbèsè. Kí ọjọ́ tiwa náà tó dé, jẹ́ kí iṣẹ́ wa lè jẹ́rìí. Ní orúkọ Jésù Krístì. Àmín.