Ẹ Ṣọ́ra fún Tẹ́tẹ́ Ìlọ́po Méjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ta tẹ́tẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí mi. Ọgbọ́n kan wà tí ẹ ń kọ́ ara yín: bí 100 náírà bá lọ, ẹ fi 200 ta á, bí 200 bá lọ, ẹ fi 400 ta á. Ọjọ́ tí ẹ bá jẹ, gbogbo owó tó ti lọ á padà, èrè 100 náírà á sì gorí rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà ò pé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní jíjẹ àti àìjẹ dọ́gba, bí ẹni ju kọ́bọ̀ sókè, tí owó yín sì lè gbé e dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kí ẹ tó dé ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, 51,100 náírà ti lọ. Ẹ ó wá gbé 51,200 kalẹ̀ nítorí 100 náírà péré! Bí ìyẹn náà bá lọ, àdánù yín di 102,300. Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú 1,024 ni irú èyí yẹ kó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi 100 náírà ṣe ìlọ́po 1,023 tó kù: 102,300 náà ni. Àdánù kan gbé gbogbo èrè mì.

Ẹlòmíràn á ní òun á wá owó kún owó, kí òun lè dé ogún ìgbà. Àdánù á wá ṣọ̀wọ́n, ẹyọ kan nínú 1,048,576. Ọjọ́ tó bá dé, 104,857,500 náírà ni.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ ẹ̀tàn yìí. Nínú ìwé tí onímọ̀ ìṣirò Patrick Billingsley ṣe ní 1968, ohun tó ń jẹ́ weak convergence, ìyẹn kí ìpín àbájáde máa sún mọ́ ìpín kan, kì í ṣèlérí kankan fún ìpíndọ́gba iye tí kò ní ààlà. Bí ẹ ṣe ń fi kún iye ìgbà, tẹ́tẹ́ yìí á máa sún mọ́ èrè 100 náírà tó dájú. Síbẹ̀, bí a bá ṣírò ìpíndọ́gba èrè àti àdánù, òdo ló kù. Ilé tẹ́tẹ́ kì í sì í ta tẹ́tẹ́ tó dọ́gba; wọ́n ti yọ tiwọn ṣáájú.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní òun ti jẹ nígbà 300, ẹ má bá a jiyàn, ó ṣeé ṣe. Ẹ bi í léèrè iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ de ìgbà kan tí gbogbo rẹ̀ á lọ, kí ẹ sì bi í pé owó ta ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi owó ilé-ìwé ọmọ ṣe é.