Ẹ̀kọ́ Karùn-ún: Ààlà tí Òfin Pa fún Ìnáwó Ìjọba

Ọ̀pọ̀ olùdìbò tuntun ni ó mọ orúkọ gómìnà wọn. Díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ orúkọ aṣòfin tí ń ṣojú ẹkùn wọn. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ aṣòfin yìí ni okùn àpò ìjọba wà.

Abala 120 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà kí a yọ owó nínú àpò ìpínlẹ̀, àfi fún ohun tí Ìwé Òfin fúnra rẹ̀ ti là sílẹ̀, bí owó oṣù gómìnà àti ti igbákejì rẹ̀, tàbí èyí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá fi òfin yọ̀ǹda. Ọ̀nà, ilé-ẹ̀kọ́, ọkọ̀ ìjọba àti ìrìn-àjò àwọn òṣìṣẹ́, abẹ́ àṣẹ Ilé ni gbogbo wọn wà. Nítorí náà, gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ètò ìṣúná síwájú Ilé kí ọdún ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀. Àbá ni ohun tí ó gbé wá, kì í ṣe àṣẹ. Bí owó tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan kò bá tó, ó di dandan kí ó padà wá béèrè àfikún.

Bí ìnáwó tí a pète bá ju owó tí a ń retí lọ, àlàfo ṣí sílẹ̀ nìyẹn, gbèsè ni a sì sábà fi ń dí i. Ní ọdún 2007 ni òfin kan jáde tí ó ní kí àlàfo inú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ má ṣe ju ìdá 3 nínú 100 gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún. Òfin kan náà ní kí ìjọba ní ìpele gbogbo má yáwó àyàfi fún iṣẹ́ tí yóò pẹ́ títí àti fún ìdàgbàsókè ọmọnìyàn, kí aṣòfin sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n òfin náà fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀: Ààrẹ lè kọjá ààlà bí ewu bá ń wu ààbò orílẹ̀-èdè. Ilẹ̀kùn yìí ni ìjọba àpapọ̀ gbà ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí àbá ìṣúná ọdún 2023 dé pẹ̀lú àlàfo ìdá 4.78. Àwọn aṣòfin ìbá dín in kù. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ni ó le koko sí i: tírílíọ̀nù náírà 20.51 ni Ààrẹ béèrè, tírílíọ̀nù 21.83 ni wọ́n fọwọ́ sí.

Aṣòfin tí ó bá fẹ́ dúró gbọin ní agbára. Bí gómìnà bá kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, tí ó ní aṣòfin 32, ènìyàn 22 ti tó.

Ní Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́, ọjọ́ kan náà ni a ń dìbò yan gómìnà àti aṣòfin, lórí ìwé ìdìbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí a bá fi ìwé kejì yàn yóò yẹ ètò ìṣúná 4 wò kí ìdìbò mìíràn tó dé.