Ẹ Mọ Aṣọ Kí Ẹ Tó Fún Ọmọ Lábẹ́rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé níṣẹ́ ọnà aṣọ, láti Òkòkòmáíkò dé Ìbà àti Ọ̀jọ́, ìkánjú ọ̀pọ̀ yín sí àlùmọ́gàjí ti pọ̀ jù. Ẹ ó da àpò àlòkù aṣọ sílẹ̀, kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti di ìrépé, ọmọ kò sì mọ irú ohun tó gé. Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi mọ̀ wọ́n.

Aṣọ kò wọ́n wa. Ojú ọ̀nà Badagry tí òkìríkà ń gbà wọlé láti Kùtọnu ni a ń gbé, ìrépé àǹkárá àti léèsì sì kún abẹ́ ẹ̀rọ àwọn télọ̀. Síbẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tọrọ ẹyọ kan nílé. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà: kí ó béèrè ẹni tó wọ̀ ọ́ àti òde tí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa, kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ lè mọ irú aṣọ tó jẹ́, ẹ fa fọ́nrán kan yọ lára rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín tanná ràn án. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ. Òwú gidi á jó di eérú. Pọ́líẹ́sítà á yọ́, á sì dì ní kókó líle. Aró ẹ̀lú kì í mú pọ́líẹ́sítà, nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe àdìrẹ oníko, aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tó jẹ́ òwú ni kí ẹ wá. Ní ti tìṣáàtì òwú, ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbú, kí ẹ fà á. Á ká ara rẹ̀ di okùn. Jíìnsì le fún ọwọ́ ọmọdé: ẹ fi ṣe ìsàlẹ̀ tí wọ́n á lẹ nǹkan mọ́.

Ẹ má fún àwọn kékeré lábẹ́rẹ́. Ẹ gé etí páálí, ẹ ta òwú sí i, kí wọ́n máa fi okùn tìṣáàtì hun ún. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ lè gba abẹ́rẹ́ olójú ńlá. Ẹ ka abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ ń pín in, kí ẹ tún un kà nígbà tí ẹ ń gbà á. Irin òòfà tó wà nínú lásípíkà tó ti bàjẹ́, tó pọ̀ ní ọjà Alábà, á bá yín ṣa èyí tó bọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ tálákà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kú eégún ni ìwé ẹ̀rí wa: ìdílé ń fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́ láti ọdún dé ọdún, aṣọ olówó iyebíye àti ìrépé á jọ wà lára rẹ̀. Bí òbí kan kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eégún, ẹ má bá a jà. Ẹ fi iṣẹ́ Marcellina Akpojotor hàn án, ọmọ Èkó tó ń fi ìrépé àǹkárá tí àwọn aránṣọ dà nù ṣe àwòrán ènìyàn.

Èyí tó ṣòro jù fún olùkọ́ ni dídá ọwọ́ dúró. Bí ìrán ọmọ bá wọ́, tí kò bá já, ẹ má tú u. Ẹ má tún un rán lẹ́yìn tí ó bá ti lọ sílé nítorí pé àwọn òbí ń bọ̀ wá wòran. Iṣẹ́ tí olùkọ́ tún ṣe máa ń dán, ṣùgbọ́n ọmọ kò ní lè ṣàlàyé rẹ̀. Lọ́jọ́ àfihàn, kí ọmọ dúró ti iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sọ ẹni tó ni aṣọ yẹn tẹ́lẹ̀, irú òwú tó jẹ́, àti ìdí tó fi gbé e síbi tó gbé e sí. Bí ó bá lè sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ti kọ́ ọ.