Ẹ̀KỌ́ ẸṢIN GÍGÙN LÁTI ÌGBÀ DÉ ÌGBÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń jókòó lé e. Bí a bá yẹ ìtàn ẹ̀kọ́ yìí wò, a ó rí i pé òye ń gba ipò agbára níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Olúwa wa, Xenophon, jagunjagun ará Gíríìsì, kọ ìwé lórí ẹṣin gígùn. Nígbà náà, kò tíì sí irin tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì. Itan ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. Xenophon kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú bá ẹṣin lò. Síbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀, ìjánu líle àti pàṣán ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbẹ́kẹ̀ lé.

Títí di ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ẹṣin bá fẹ́ fo ohun ìdènà, ẹni tó gùn ún a fara sẹ́yìn, a sì fa ìjánu. Federico Caprilli, ọ̀gágun ará Ítálì, ṣàkíyèsí pé ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò gùn a máa na ọrùn síwájú bí ó bá ń fò. Nítorí náà, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti fara síwájú, kí wọ́n sì dẹ okùn ìjánu. Wọ́n kọ́kọ́ ta kò ó. Nígbà tó yá, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn rán ọ̀gágun wọn lọ kọ́ ọ ní Ítálì.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ wọn láti kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan ẹṣin. Ní ọdún 1952, ní Helsinki, àwọn obìnrin bá ọkùnrin díje lórí ẹṣin níbi eré Òlíḿpíìkì. Ọ̀kan nínú wọn ni Lis Hartel, ará Dẹ́ńmáàkì, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní 1944, tí kò sì lè lo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orúnkún sísàlẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e gun ẹṣin. Ẹ̀yìn àti ìwúwo ara rẹ̀ ló fi ń darí ẹṣin náà, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà. Ó tún gba irú rẹ̀ ní 1956. Lónìí, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń kọ́ àwọn abirùn ní ẹṣin gígùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: bó bá jẹ́ pé agbára ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń gun ẹṣin, ilé ni Hartel ì bá jókòó sí. Ẹ̀kọ́ tó dára a máa wá ọ̀nà fún ẹni tí àwọn ènìyàn ti rò pé kò lè kọ́ ọ.