Wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún Màmá: kí ló kù fún wa nílé?

  Orúnkún la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí.

Nígbà míì tí ẹ bá ń pa ẹran, ẹ wo oríkèé rẹ̀. Ẹ ó rí ohun funfun kan tó ń dán, tó ń yọ̀, lórí egungun. Irú rẹ̀ wà nínú orúnkún tiwa náà, òun ni kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Ọjọ́ orí, ìsanra, ìpalára àtijọ́, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti jẹ tán, orúnkún á máa wú, á máa ro, ẹsẹ̀ á tẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan sà sí yín o.

Kì í ṣe gbogbo orúnkún tó ń dùn ni wọ́n ń là. Dókítà á kọ́kọ́ ní kí ẹ dín ìsanra kù, kí ẹ máa fún iṣan itan lókun, kí ẹ lo oògùn ìrora, kí ẹ sì mú ọ̀pá. Ọ̀pá yìí, ọ̀pọ̀ wa ló ń mú un lódì. Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn? Ọwọ́ òsì ni kí ọ̀pá wà. Ìgbà tí gbogbo èyí ò bá ràn án mọ́, tí ìrora ò jẹ́ kéèyàn sùn, ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tó dé.

Àwọn kan rò pé wọ́n á gé ẹsẹ̀ ni. Rárá! Ojú egungun tó ti bàjẹ́ ni dókítà á gé kúrò fẹ́ẹ́rẹ́. Á fi irin bo orí egungun itan àti ti ojúgun, á sì fi ike líle sáàárín wọn. Bíi wákàtí kan sí méjì ni. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń lò tó ọdún 15 sí 20, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ wúwo. Nítorí náà, kí ẹ tó san sẹ́fà kan, ẹ bèèrè bóyá owó irin náà àti owó kiné tó máa tọ́ ẹsẹ̀ sọ́nà lẹ́yìn rẹ̀ wà nínú iye tí wọ́n pè. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí egbò, tàbí eyín tó ń kẹ̀, kó sọ ọ́, torí kòkòrò lè gba ibẹ̀ dé ara irin. Ẹ sọ àgbo tí ẹ ń mu náà, ẹ má tijú. Òmíràn ń mú ẹ̀jẹ̀ dà jù.

Wàyí o, ilé. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà jù, ìfẹ́ ló sì ń ba orúnkún jẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ á ní, "Màmá, ẹ má dìde, a ó bá yín gbé e wá." Wọ́n á ki ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún kí ara lè tù wọ́n. Ó tura lóòótọ́, àmọ́ orúnkún tó bá ká lórí ìrọ̀rí tọ̀sán-tòru, kò ní nà tán mọ́. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni kí ìrọ̀rí wà, kí ẹ̀yìn orúnkún wà lófìfo. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, tàbí ọjọ́ kejì, ni wọ́n sábà máa ń gbé èèyàn dìde lọ́sibítù, ṣé ilé ló máa wá ti dùbúlẹ̀? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó ti máa ká a, kó máa nà án, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, torí àpá inú ń le bí awọ tó gbẹ. Kó lo oògùn ìrora ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ wé yìnyín, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì pe ẹni tó ń fi òrí fa ẹsẹ̀.

Kí orúnkún gbóná díẹ̀, kó wú díẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kò burú. Àmọ́ bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó ń dùn, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀. Bí èémí bá ń há, tàbí àyà ń dùn, òru kọ́, òjò kọ́, ẹ gbé e lọ. Ibà pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ tó ń ṣọyún náà, ọ̀nà ọsibítù ni.

Ní bí ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀pọ̀ á ti máa rìn pẹ̀lú ọ̀pá kan tàbí láìsí ọ̀pá. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní bí oṣù 3. Agbára tó kù lè gbà tó ọdún kan. Lílóṣòó ní ṣáláńgá á ṣòro. Ẹ ní kí káfíńtà gbẹ́ ihò sójú àga kan, kí ẹ gbé e lé orí kòtò. Ìkúnlẹ̀ náà ńkọ́? Bí ọgbẹ́ bá ti jinná tí dókítà sì gbà, kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n kì í rọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn. Ẹ̀yin àgbà, bí ìyàwó ilé tó ní irin lórúnkún bá tẹríba kí yín, ẹ dáhùn. Kì í ṣe àrífín. Ẹni tó ń kírun lè jókòó sórí àga.

Kí ẹgbẹ́ tó túká, ẹ jókòó sórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọọrọ, ẹ mú iṣan itan le, ẹ ka 1 dé 5, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín: bí ìyá kan ládùúgbò wa bá ti ọsibítù dé, ta ló máa bá a pọnmi fún ọ̀sẹ̀ 6, ta ló sì máa dúró tì í kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà? Ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ sí wa ṣáájú ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.