ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Bí ọmọdé bá rú òfin

Ká ní ọmọ ọdún 14 kan ní Ilare, Ilé-Ifẹ̀, jí fóònù. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fọwọ́ sí ní 2007, kò gbà kí adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n tàbí kó dájọ́ ẹgba fún un.

• Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ tètè ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀.
• Bí ẹ̀sùn kò bá wúwo, wọ́n lè parí rẹ̀ láì dé kóòtù: kí olóhun gba fóònù rẹ̀ tàbí owó rẹ̀ padà.
• Ní kóòtù, adájọ́ lè fà á lé ẹbí lọ́wọ́, fi í sábẹ́ àmójútó, tàbí ní kó ṣiṣẹ́ ìlú.
• Ìgbà tí gbogbo ìwọ̀nyí kò bá tó nìkan ni adájọ́ lè rán an lọ sí ilé àtúnṣe ìwà.