Àpótí Ìmọ̀: Eyín Tó Ń Jẹrà àti Ìwọ̀n Ara Ọ̀dọ́langba

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára eyín máa ń sọ ṣúgà di ásíìdì, ásíìdì yìí ló sì ń jẹ eyín títí yóò fi lu. Ọmọ tó ń fa ẹlẹ́rìndòdò mu díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí ilé-ìwé fi parí kò fún itọ́ ẹnu láyè láti tún eyín ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 12 ni eyín ńlá ẹ̀yìn kejì ń hù, kò sì tíì le dáadáa, àsìkò náà gan-an ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìpápánu rà.

Ṣúgà yìí kan náà lè mú kí ọmọ sanra jù. Àmọ́ ọmọ tí eyín ń dùn kì í lè jẹun, kì í sì í rí oorun sùn. Ó lè rù. Nítorí náà, bí a bá ń wọn ọmọ ilé-ìwé, ó yẹ ká yẹ ẹnu rẹ̀ wò pẹ̀lú, ìbáà sanra, ìbáà tín-ín-rín.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí agbára tí ara ń rí láti inú ṣúgà àfikún, oyin àti omi èso má tó ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ara.